Àpò Ìrẹsì Tí Bàbá Pè Ní Ìṣákọ́lẹ̀

Odó Yèyé ló máa ń jí mi. Nílé wa, a kì í dúró de ọ̀sán kí a tó jẹ iyán. Kí Bàbá tó mú àdá rẹ̀ lọ sóko, ó gbọ́dọ̀ ti fi iyán gbígbóná bọ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, kí ó sì ti mu omi tútù inú ìkòkò lé e. Bàbá ni bàbá tó bí bàbá mi, Yèyé sì ni aya rẹ̀. Bàbá mi fúnra rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe ní Ìlọ́fà, Tíṣà ni gbogbo ilé ń pè é, tó fi dé orí èmi ọmọ rẹ̀. Ilé wa ló kẹ́yìn ìlú, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀sì. Lẹ́yìn ilé ni oko iṣu wa wà, lẹ́yìn oko iṣu ni odò, lẹ́yìn odò ni yunifásítì. Bí mo ṣe kọ́ ayé nìyẹn, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe tò ó, pé kò sí ohun tó lè yí i padà.

Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, a máa ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti òdìkejì odò, a máa ń gbọ́ orin ìsìn wọn, a sì ń gbọ́ ẹni tó ń pe orúkọ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí a kò mọ ohun tó ń pè é fún. Láàárọ̀, ìyá mi máa ń din àkàrà tà fún wọn ní ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n á la odò kọjá wá, wọ́n á dúró tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n á máa kí Yèyé ní "Ẹ káàárọ̀ mà" tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Èmi ni mo máa ń fọ agbada, èmi náà ni mo ń pọn omi. A kò bá yunifásítì jà nígbà náà. Ká sọ òótọ́, à ń fi wọ́n yangàn, torí pé tí a bá lọ bá àwọn ẹbí wa ní Ọ̀bbò-Ilé, tí wọ́n bá béèrè ibi tí ilé wa wà, ohun tí a máa ń sọ ni pé ilé wa kò jìnnà sí yunifásítì.

Àfi Bàbá nìkan ni kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí Bàbá máa ń sọ ni pé yunifásítì ni kò jìnnà sí ilé òun. Nítorí pé òun ló yá wọn ní ilẹ̀ tó wà létí odò lọ́hùn-ún, tí wọ́n fi ń dá oko ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀. Èmi kò tíì gbọ́n nígbà tí ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n Yèyé ti sọ ọ́ fún mi títí tí mo fi mọ̀ ọ́n bí ìgbà tí mo bá wà níbẹ̀. Ọ̀gá kan tó kọ́kọ́ jẹ́ olórí níbẹ̀ ló wá, ọkùnrin gíga kan tí bàbá tirẹ̀ náà jẹ́ àgbẹ̀. Ó gbé obì, orógbó àti iyọ̀ wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ eléruku, ó ní kí Bàbá bá òun wá ilẹ̀ díẹ̀. Bàbá ní kó dìde, ó ní, "Ulẹ̀ ni mo yá ọ, mi ò tà á o." Nígbà tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ kórè, ó fúnra rẹ̀ ru iṣu wá, ó kó o kalẹ̀ níwájú àgbà méjì, ó ní, "Bàbá, ìṣákọ́lẹ̀ yín rèé." Ìṣákọ́lẹ̀ ni ohun tí ẹni tí a yá nílẹ̀ máa ń gbé wá fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Kì í ṣe bí ó ti pọ̀ tó ni wọ́n ń wò. Ẹyọ iṣu kan ti tó, tí ẹnu bá ti sọ ohun tó jẹ́.

Ọkùnrin náà fẹ̀yìn tì, ó lọ. Àwọn mìíràn dé sípò rẹ̀, wọ́n tún lọ. Ṣùgbọ́n tí ọdún Kérésìmesì bá ti ń bọ̀, ọkọ̀ yunifásítì á dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n á gbé àpò ìrẹsì kan àti gálọ́ọ̀nù òróró kan kalẹ̀. Wọ́n máa ń gbé irú rẹ̀ lọ sí ààfin, wọ́n máa ń gbé e fún àwọn ìjòyè pẹ̀lú. Bàbá mọ èyí. Ó ní ti àwọn yẹn ni ìkíni ọdún, pé ti òun ni ìṣákọ́lẹ̀, kìkì pé iṣu ti di ìrẹsì, nítorí pé àwọn alákọ̀wé kò mọ iṣu wà mọ́. Gbogbo àpò ìrẹsì náà ni ó ní kí Yèyé máa fọ̀ kó pa mọ́. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, Yèyé á tẹ́ wọn sílẹ̀ ní àgbàlá, á sá iṣu gbígbẹ lé wọn lórí, èmi á sì jókòó tì wọ́n pẹ̀lú pàṣán láti máa lé ewúrẹ́. Gbogbo ìgbà èwe mi ni mo fi jókòó ti àwọn àpò yẹn.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, Ọ̀gbẹ́ni Adéwọlé ló gbé e wá. Òun ni akọ̀wé tó máa ń bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ fún yunifásítì, ọ̀dọ́kùnrin tó mọ́ tónítóní, tí bàtà rẹ̀ máa ń dán. Ọmọ ibòmíràn ni, ṣùgbọ́n ó lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá.

"Ẹ kú ọdún o, Bàbá," ó ní. "Yunifásítì ní kí n kí yín. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé."

Bàbá ń wò ó lẹ́nu. Mo mọ̀ báyìí pé ó ń dúró kí ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé e. Nígbà tí kò tẹ̀ lé e, ó ní, "Àmín. Ulẹ̀ á gbè yín."

"Àmín, Bàbá."

"Lárá, gbé uṣu méjì wá fún wọn nínú abà. Ọwọ́ àlejò kì í ṣófo padà."

Mo gbé iṣu náà wá. Inú Ọ̀gbẹ́ni Adéwọlé dùn, ó ní irú ọ̀yàyà báyìí kò sí ní ìlú ńlá, ó sì ní kí awakọ̀ rẹ̀ ya àwọn ní fọ́tò, òun àti Bàbá, pẹ̀lú àpò ìrẹsì ní àárín wọn. Bí ọkọ̀ wọn ṣe lọ tán ni Yèyé jáde láti ibi ààrò.

"Baálé mi," ó ní, "ọmọ yẹn kí yín kú ọdún ni. Kò dárúkọ ulẹ̀."

"Ojú ló ń tì í. Ọmọ ilé ìwé ni, kò mọ bí a tí í sọ̀rọ̀ ulẹ̀."

"Ẹ bi í nígbà náà."

"Kí n bi àlejò bóyá ó mọ̀ pé àlejò lòun?" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ̀sí nìyẹn."

"Ọni ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́," ni Yèyé sọ, ó sì padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ lé àpò ìrẹsì náà, ó ń fọwọ́ pa á títí tí ìyá mi fi wá gbé e wọlé.

Ọyẹ́ kò tíì lọ tán nígbà tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé. Nígbà tí mo ń pọn omi bọ̀ láti odò ni mo rí wọn, wọ́n wọ ẹ̀wù tó ń tàn yanran, wọ́n ń ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n ń ta okùn láti òpó kan sí èkejì. Mo gbé garawa mi sọ̀, mo ń fojú tọ okùn náà. Ó la odò kọjá, ó wọ oko iṣu wa, ó gba ẹ̀yìn abà, ó sì gba iwájú ilé wa kọjá lọ. Wọ́n fi ọ̀dà pupa fa àmì ńlá sára ògiri wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé iyàrá Yèyé. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Yèyé mú ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn, ó ń fọ ògiri. Ó fọ̀ ọ́ títí tí ilẹ̀ fi ṣú, amọ̀ ara ògiri ń ṣí, ọ̀dà náà kò lọ. Ó wá dà bí ibi tí ara ti bó.

Láti ọjọ́ náà ni ìjà ti wọ ilé wa. Tíṣà ní òun ti gbọ́ ọ ní Ìlọ́fà, pé yunifásítì ń gbòòrò sí i, pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé gbígbé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, pé àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láti ibi gbogbo kò ríbi sùn. Ó ní ìlú ti fi gbogbo agbègbè náà sílẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ilẹ̀ wa wà nínú ohun tí ìlú fi sílẹ̀.

"Ta ni ulú?" ni Bàbá béèrè. "Ṣé ulú ló bá mi kọ́ ulé yìí?"

"Bàbá, ẹ̀kọ́ ni. Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ ríbi sùn."

"Kí wọ́n sùn. Ṣé àyà mi ni wọ́n ó wá sùn lé?"

Gbogbo ọjọ́ ayé Tíṣà ló fi ń sọ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n ka ìwé dé yunifásítì, yunifásítì ti wá ka ara rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó máa ń jẹun nínú iyàrá lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá á sì jẹ tirẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá mi á máa gbé abọ́ lọ gbé abọ́ bọ̀ láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni Bàbá fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rù. Ó ní ayálẹ̀ kì í lé onílẹ̀. Ó ní òun kàn máa rán wọn létí ni.

Wọ́n pe ìpàdé sí ààfin. Bàbá wọ agbádá tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, ó ní kí Yèyé kó gbogbo àpò ìrẹsì náà jáde. Yèyé gbọn èlùbọ́ ara wọn dànù, ó ká wọn, ó fi okùn dì wọ́n, wọ́n gbé e rù mí. Bí a ṣe ń lọ, Bàbá ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé, ara rẹ̀ yá gágá. Ó ní, "Lárá, ohun tí ojú bá rí, ẹnu ò lè jiyàn rẹ̀." Èmi náà ń yan lẹ́yìn rẹ̀. Mo ń yangàn nítorí mo gbé ẹ̀rí tí yóò gbà wá là sórí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan Bàbá, ó ní kí n tú ẹrù náà. Ó tẹ́ àwọn àpò náà sílẹ̀ níwájú Kábíyèsí lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó ti gbó lábẹ́, èyí tuntun lókè. Ó ní, "Kábíyèsí, ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n ń san fún mi rèé. Kò sí ọdún tí wọ́n jẹ́ kó yẹ̀. Ọni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ṣé ó lè sọ pé òun ló ni ulẹ̀?"

Ariwo díẹ̀ sọ, àwọn àgbà ń mi orí. Ọ̀gbẹ́ni Adéwọlé dìde. Kò bínú, kò sì fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Ì bá sàn fún mi ká ní ó ṣe bẹ́ẹ̀, ǹ bá rí ẹni tí mo máa kórìíra.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí," ó ní. "Àwọn àpò wọ̀nyí náà ni ẹ̀rí tiwa. Àwọn ẹbí tí ilẹ̀ wọn bọ́ sínú ti yunifásítì, a kò gbàgbé wọn. Ọdọọdún ni à ń fi ẹ̀bùn kí wọn. Bàbá gbà á, wọ́n ṣàdúrà fún wa, wọ́n tún fún wa níṣu. A rò pé inú wọn dùn sí ohun tí ìlú ṣe ni. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bùn ọdún ni o. Kò sí ẹni tó sọ fún wa rí pé ìṣákọ́lẹ̀ ni."

Kábíyèsí wo Bàbá. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n jọ ṣe ọ̀dọ́ ni. Ó béèrè pé, "Ta ló gbọ́ ọ létí nígbà tí wọ́n pè é ní ìṣákọ́lẹ̀?"

Bàbá dárúkọ àgbà méjì náà. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti kú.

"Àwọn tó dé lẹ́yìn ọ̀gá àkọ́kọ́ ńkọ́? Ǹjẹ́ wọ́n sọ ọ́?"

"Wọn ò sọ ọ́, Kábíyèsí."

"Ǹjẹ́ o bi wọ́n?"

Bàbá wo àwọn àpò tó wà nílẹ̀. "Mi ò bi wọ́n," ó ní.

Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Kábíyèsí sọ ọ́ pẹ̀lú ìrora, mo rí i lójú rẹ̀, pé ìlú kò lè gba ohun tí ó ti fi sílẹ̀ padà, pé ọmọ ìlú ń ríṣẹ́ níbẹ̀, pé yunifásítì yóò fún ẹbí wa ní ohun tí a ó fi kọ́ iyàrá díẹ̀ síbòmíràn, pé wọn yóò sì dúró kí a wa iṣu wa tán. Ọ̀gbẹ́ni Adéwọlé gbà bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti kó àwọn àpò náà, Bàbá dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Àwa méjèèjì ló lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá wọlé tán, gbogbo ara ló ń kó wọlé. Wọn kò dúró de iṣu. Bóyá wọn kò sọ fún ẹni tó ń wa katapílà ni, bóyá wọ́n sọ fún un tí ó gbàgbé, èmi kò mọ̀ títí dòní. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, ariwo rẹ̀ bo ohùn odó Yèyé mọ́lẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé ẹ̀yìnkùlé, ó ti tẹ́ ebè púpọ̀ pẹrẹsẹ, àwọn iṣu tí kò tíì gbó fọ́ sínú ẹrẹ̀, funfun wọn hàn. Yèyé wọnú oko lọ, ó ń ṣa wọ́n sínú ìró rẹ̀. Ìyá mi ń sunkún, Tíṣà ń pariwo mọ́ awakọ̀ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, awakọ̀ náà kò sì gbọ́ nítorí ariwo ẹ̀rọ. Bàbá dúró sí ẹnu ọ̀nà abà. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Iṣu fífọ́ yẹn ni a jẹ títí tí a fi kó kúrò, kò ṣeé gún níyán, ṣe ni Yèyé ń sè é, ó sì máa ń korò lẹ́nu.

Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ìlọ́fà báyìí, irun funfun ti ń yọ lórí èmi náà. Àkọ́bí mi obìnrin ti wọ yunifásítì yẹn, inú mi sì dùn, n kò ní purọ́. Lọ́jọ́ tí mo sìn ín lọ síbẹ̀, ó mú mi lọ wo iyàrá rẹ̀. Mo wo ojú fèrèsé, mo rí odò, mo fojú díwọ̀n rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ibi tí ibùsùn rẹ̀ wà kò ní jìnnà sí ibi tí odó Yèyé máa ń wà. Ó ní, "Màámi, ibí yìí tutù, àbí?" Mo ní ó tutù. N kò sọ ohunkóhun mọ́. Bí mo ṣe délé ni ọ̀rọ̀ Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí mi, pé ọni ó bá dákẹ́, ni mo bá wá ibi jókòó kọ èyí, kí ọmọ mi lè kà á.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí ó mọ̀. Òdìkejì ìlú ni a kó lọ, lórí ilẹ̀ Tìmótíù káfíńtà, tó jẹ́ ẹgbẹ́ Tíṣà, tí òun àti ìyá mi jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan náà. Ó fún wa ní ibi tí a kọ́ iyàrá sí, ó tún yá Bàbá ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Iṣu pẹ́ kí a tó gbìn ín, kò sì ta dáadáa. Nígbà tí Bàbá wà á, ó yan èyí tó tóbi jù, Yèyé fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, wọ́n ní kí n gbé e. A bá Tìmótíù níbi tí ó ti ń fá pákó. Bàbá ṣí fìlà rẹ̀, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó fi èkejì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí èéfá pákó. Títí di ọjọ́ yẹn, n kò rí Bàbá kó dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ọba.

Tìmótíù ju ẹ̀rọ ìfági rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí gba èpè, bàbá mi lẹ jẹ́."

"Gba uṣu yìí."

"Ẹ gbé e padà, ẹ lọ gún un níyán. Ulẹ̀ yín ni, ẹ má dà á rò."

"Kì í ṣe ulẹ̀ mi," ni Bàbá wí láti ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí. "Pe aya rẹ. Pe àwọn ọmọ rẹ, kí wọ́n bọ́ síta."

Wọ́n jáde, wọ́n dúró, ojú gbogbo wọn wà nílẹ̀. Bàbá gbé orí sókè. "Ìṣákọ́lẹ̀ nì yí," ó ní. "Èmi ni mo yá ulẹ̀, Tìmótíù ló ni í. Tìmótíù, pe ohun tí mo gbé wá fún ọ lórúkọ, kí n fi etí mi gbọ́."

Tìmótíù fi ọwọ́ nu ojú. "Ìṣákọ́lẹ̀ ni, Bàbá," ó ní. "Mo gbà á."

Bàbá yíjú sí mi. "Lárá, ṣé ùwọ náà gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ìgbà náà ló tó dìde, ó gbọn èéfá pákó kúrò ní àyà rẹ̀. Aya Tìmótíù sáré wọlé, ó gbé iṣu méjì jáde, ó ní kí ọwọ́ wa má ṣófo. Èmi ni mo gbé wọn lé orí. Bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn mi, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí a fi délé.